Mo wọ ọkọ̀ agbẹ̀yìn lọ́jọ́ tí ẹ̀fúùfù le jù: kí ni mo jẹ àwọn tó dá owó?

Arìnjìnnà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùgunkẹ̀kẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lóru àná, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Mo wà lára ọ̀wọ́ kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ láti ìlú dé ìlú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kí a lè kó owó jọ fún ìtọ́jú àwọn ọmọdé tó ní àrùn jẹjẹrẹ. Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn gbà ràn mí lọ́wọ́: àwọn kan san owó tiwọn pátápátá kí n tó gbéra, àwọn kan sì ṣèlérí pé iye kìlómítà tí mo bá gùn ni àwọn yóò fi ṣírò ohun tí àwọn máa san.

Àná ni ọjọ́ tó gùn jù nínú ìrìn náà, 140 kìlómítà gbáko. Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òkè kankan tí a lè di ẹ̀bi rù, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti jáde ní ìdájí ni ẹ̀fúùfù ti ń fẹ́ kò wá lójú, kò sì sinmi rárá. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀, níbi tó yẹ kí kẹ̀kẹ́ ti máa yí fúnra rẹ̀, mo dá pẹ́dàlì dúró kí ẹsẹ̀ mi lè sinmi, kẹ̀kẹ́ náà sì rọra ń falẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Ìka kékeré ọwọ́ ọ̀tún mi àti èyí tó tẹ̀ lé e kú débi pé eyín ni mo fi já ọ̀rá ohun jíjẹ mi. Nígbà tó ku nǹkan bí 40 kìlómítà, èmi nìkan ni mo ṣẹ́kù lẹ́yìn, òòyì ń kọ́ mi, n kò sì mọ ìgbà tí mo ń yà sí àárín títì mọ́. Awakọ̀ ọkọ̀ agbẹ̀yìn, ìyẹn ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé ọ̀wọ́ láti gbé ẹni tí kò bá lè gùn mọ́, fọn fèrè, mo sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ mi sínú ọkọ̀, mo sì jókòó síbẹ̀ títí a fi dé ibùdó.

Ẹnìkan nínú ọ̀wọ́ wa sọ níbi oúnjẹ alẹ́ pé ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ti di onígbèsè sí àwọn tó dá owó fún un. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, bóyá ìdí nìyẹn tí ó fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kí n sì kọ sí wọn?


Alágbára Ọ̀nà

Arìnjìnnà, ẹ kú làálàá àná o. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Èmi fara mọ́ ẹni tó sọ̀rọ̀ níbi oúnjẹ alẹ́ yẹn. Ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń yọ owó lápò fún ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́, tí wọn kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó kàn gbé agolo kiri, ni pé wọ́n gbà pé ẹni náà yóò jìyà díẹ̀, ìyà yẹn ni wọ́n sì fi ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ká a lára. Bí ọjọ́ tí ìyà ọ̀hún dé gan-an bá wá di ọjọ́ tí a wọ ọkọ̀, kí ló ṣẹ́kù? Ẹ̀fúùfù kan náà ló fẹ́ lu gbogbo yín, àwọn mìíràn sì dé ibùdó lórí kẹ̀kẹ́ wọn. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kú sójú títì. Ohun tí mo ń sọ ni pé ó yẹ kí ọkọ̀ agbẹ̀yìn jẹ́ ohun tí a ń sá fún.


Bàbá Ṣéènì

Alágbára, ọmọ mi, gbólóhùn kan wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ tí n kò lè jẹ́ kó kọjá. O ní ẹ̀fúùfù kan náà ló fẹ́ lu gbogbo wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìdènà tí afẹ́fẹ́ ń ṣe fún ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ kì í bá eré pọ̀ sí i ní ọgbọọgba. Bí eré afẹ́fẹ́ tó ń kọlu ara bá di ìlọ́po méjì, ìdènà náà yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó ń sá 25 kìlómítà ní wákàtí kan nígbà tí afẹ́fẹ́ dákẹ́, afẹ́fẹ́ 25 náà ni àyà rẹ̀ ń là. Bí ẹ̀fúùfù tó ń sá 20 kìlómítà ní wákàtí bá wá dojú kọ ọ́, tó sì fẹ́ di eré 25 rẹ̀ mú, afẹ́fẹ́ 45 ló ń là báyìí, ìdènà rẹ̀ sì ti lé ní ìlọ́po mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ wo ni yóò gbé ìyẹn láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́? Eré ni yóò wálẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ mọ níwọ̀n: agbára ẹsẹ̀ tó ń gbé e sá 25 nígbà tí afẹ́fẹ́ dákẹ́ kò ní gbé e ju nǹkan bí 15 lọ nínú irú ẹ̀fúùfù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, 140 kìlómítà tí ìbá gbà á ní wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀ ti di iṣẹ́ wákàtí mẹ́sàn-án ó lé, bẹ́ẹ̀ ìwé ètò ìrìn ṣì ń pe ọjọ́ náà ní 140.

Àwọn kan á ní bó bá kọjú sí wa lónìí, yóò tì wá lẹ́yìn lọ́la, yóò sì dọ́gba. Kò lè dọ́gba láé, nítorí pé wákàtí tí a fi ń jẹ ìyà pọ̀ ju wákàtí tí a fi ń jẹ̀gbádùn lọ. Ẹni tó fi 70 kìlómítà kọjú sí ẹ̀fúùfù, tó sì fi 70 mìíràn kẹ̀yìn sí i, yóò pẹ́ ju ẹni tí kò rí ẹ̀fúùfù kankan lọ.

Wàyí o, ẹni tó bá sún mọ́ ẹ̀yìn ẹlòmíràn dáadáa, ìdènà afẹ́fẹ́ rẹ̀ lè dín kù tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Arìnjìnnà sọ pé òun nìkan ló ṣẹ́kù. Láti ìṣẹ́jú tí ọ̀wọ́ náà ti já a sílẹ̀, ọjọ́ tirẹ̀ àti ọjọ́ tiwọn kì í ṣe ọjọ́ kan náà mọ́. Àwọn yòókù ń pín ẹ̀fúùfù náà mọ́ra wọn lọ́wọ́, òun ń dá gbé tirẹ̀. Kí ẹni tó sọ̀rọ̀ níbi oúnjẹ alẹ́ kọ́kọ́ sọ fún wa ẹ̀yìn ta ni òun fara pamọ́ sí ní 100 kìlómítà àkọ́kọ́.


Awakọ̀ Agbẹ̀yìn

Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i, nítorí pé láti orí ìjókòó ọkọ̀ ni mo ti ń wo ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wakọ̀ tẹ̀ lé irú ìrìn báyìí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń wọ ọkọ̀ mi ní àkókò tó yẹ kó wọ̀ ọ́. Wọ́n á ti fi ìdajì wákàtí kọjá rẹ̀ kí wọ́n tó gbà.

Eré kọ́ ni mo máa ń wò, nítorí ènìyàn lè máa rọra lọ láìséwu. Èjìká ni mo máa ń wò. Bí èjìká bá ti ń fì sọ́tùn-ún sósì pẹ̀lú títẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ ti tán, ara òkè ló ń ti pẹ́dàlì. Mo tún máa ń wo ìlà funfun etí títì: ẹni tí ojú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ kì í sún mọ́ ọn jù, kì í sì í jìnnà sí i jù, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń rẹ̀ kọjá ààlà yóò máa súnmọ́ ọn, yóò tún máa sá fún un. Bí mo bá ti rí méjèèjì, mo máa ń wakọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ẹni náà, n ó sọ fèrèsé kalẹ̀, n ó sì bi í ní ìbéèrè tí a kò lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn. N ó ní, "Ibo ni a ti sinmi kẹ́yìn?" Bó bá dá mi lóhùn pé, "Ara mi le," mo mọ̀ pé kò gbọ́ mi, ọ̀rọ̀ sì parí.

Alágbára, ẹ ní kí ọkọ̀ mi jẹ́ ohun tí a ń sá fún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀ lẹ́yìn tiwa lójú títì yẹn. Ọkọ̀ akẹ́rù tó bá ń kọjá yóò kọ́kọ́ dí ẹ̀fúùfù náà mọ́ ọ lójijì, yóò sì tún dá a padà lù ọ́ bó bá ti kọjá, ẹni tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lórí kẹ̀kẹ́ kò sì ní àyè láti tún ara rẹ̀ mú. Àwọn tó ń sá fún ọkọ̀ mi ló ń dẹ́rù bà mí, kì í ṣe àwọn tó ń wọ̀ ọ́.


Nọ́ọ̀sì Orí Kẹ̀kẹ́

Àbúrò mi Arìnjìnnà, pẹ̀lẹ́ o. Òòyì tí o sọ àti títa gọ̀ọ́gọ̀ọ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé àwọn ènìyàn máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì ni.

Ṣúgà tí ara tò pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, èyí tí à ń pè ní glycogen, kò sábà ju nǹkan bí 500 gíráàmù lọ lápapọ̀. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ kára lórí kẹ̀kẹ́ lè lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ tán láàárín wákàtí díẹ̀. Ọ̀rá wà lára tí ara lè máa jó, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rá kì í yára dáhùn nígbà tí iṣẹ́ bá le. Ọpọlọ ní tirẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ló gbójú lé jù. Nítorí náà, bí ṣúgà bá lọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ni yóò kú. Ojú yóò máa ṣókùnkùn, ènìyàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìnídìí, èrò rẹ̀ yóò sì dàrú. Kò sí ìfarajìn tó lè rọ́pò ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀.

Ìmọ̀ràn tí a sábà ń fún àwọn tó ń gùn fún wákàtí púpọ̀ ni pé kí wọ́n máa jẹ oúnjẹ afúnnilókun tó 30 sí 60 gíráàmù ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tí inú wọn ti mọ́ ọn lára sì lè gbé e dé 90. Ẹ wá fi ṣírò Bàbá Ṣéènì sí i. Ẹni tó di oúnjẹ wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀ sápò, tí ọjọ́ náà sì wá di wákàtí mẹ́sàn-án, oúnjẹ rẹ̀ ti tán kí ọ̀nà tó tán. Lójú ẹ̀fúùfù, wákàtí ni kí a fi wọn oúnjẹ, kí a má fi kìlómítà wọ̀n ọ́.

Omi náà ní tirẹ̀. Ẹ̀fúùfù máa ń gbẹ òógùn kúrò lára kí a tó rí i, a ó sì rò pé a kò làágùn. Síbẹ̀, n kò ní kí ẹnikẹ́ni máa rọ omi lásán sínú títí inú yóò fi wú, nítorí pé omi tó pọ̀ jù láìsí iyọ̀ máa ń sọ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ewu ńlá sì ni. Bí òrùka bá ń fún ọwọ́, tí orí ń fọ́, tí èébì ń gbé ènìyàn, tí kò sì rántí ibi tó wà, kí wọ́n dá omi dúró, kí wọ́n sì gbé e lọ rí dókítà kíákíá.

Ti ìka rẹ, iṣan ìmọ̀lára kan ló gba ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ kọjá lọ sí ìka kékeré àti apá kan èyí tó tẹ̀ lé e. Bí ara bá fi gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ sọ̀ mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ fún wákàtí púpọ̀, iṣan náà yóò há, ìka méjèèjì yóò sì kú. Ó sábà máa ń padà. Bó bá di pé o kò lè fi ọwọ́ náà di bọ́tìnì, má gun kẹ̀kẹ́ mọ́ kí dókítà tó rí i.


Arìnjìnnà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì, mo lè di bọ́tìnì, ìka kékeré sì ti ń mọ nǹkan lára díẹ̀. Orí kò fọ́ mi, òrùka kò sì fún mi. Oúnjẹ ló tán. Ọ̀la ni ọjọ́ ìsinmi wa. Ṣé kí n padà lọ gun 40 kìlómítà tó ṣẹ́kù, kí n lè fi ọkàn balẹ̀?


Alágbára Ọ̀nà

Èmi yóò lọ.


Nọ́ọ̀sì Orí Kẹ̀kẹ́

Rárá o. Ọjọ́ ìsinmi ni iṣan fi ń tò ṣúgà padà, o kò sì tíì kó èyí tó ná lánàá jọ tán. Bí o bá ná ọjọ́ yẹn lórí 40 kìlómítà, ọ̀túnla ni yóò san án.


Akápò Ẹgbẹ́

Èmi ni mo ń bójú tó owó nínú ẹgbẹ́ tiwa, ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ padà sí ohun tí wọ́n bi wá.

Owó tí ènìyàn san kí o tó gbéra kò ní gbèsè kankan nínú. Wọ́n fún àwọn ọmọ náà ní owó, ìwọ ni wọ́n sì gbé e gba ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ètò ńlá tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí ti yanjú èyí. Pan-Mass Challenge, tí Billy Starr dá sílẹ̀ ní Massachusetts ní ọdún 1980 pẹ̀lú olùgunkẹ̀kẹ́ 36, tó sì ń kó owó jọ fún Dana-Farber tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ, iye owó tí olúkúlùkù yóò kó jọ ló ń bá wọn ṣe àdéhùn lé lórí. AIDS/LifeCycle, tó máa ń gbéra láti San Francisco lọ sí Los Angeles fún ọjọ́ 7, tí ó sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọdún 2025, ní àkókò tí wọ́n ń ti ọ̀nà ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí àkókò náà bá ká mọ́ ojú ọ̀nà, ọkọ̀ ni yóò gbé e dé ibùdó, yóò sì tún bá wọn gbéra lọ́jọ́ kejì. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣètò ni wọ́n ti mọ̀ pé àwọn kan yóò wọ ọkọ̀.

Ti àwọn tó ṣèlérí lórí kìlómítà ló yàtọ̀, níbẹ̀ ni mo sì ti gbà díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ Alágbára. Àdéhùn tó ní ìwọ̀n ni. Iye tí o gùn gan-an ni kí o kọ sí wọn. Má fi kìlómítà inú ọkọ̀ kún un, má sì yọ èyí tí o gùn kúrò nítorí pé ojú ń tì ọ́, nítorí mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn aláìsàn ló sì fi owó dù. Kọ ọ́ lónìí, kí ó má di ohun tí wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í rántí: ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ìrìn sílẹ̀ lè máa kà lọ nígbà tí kẹ̀kẹ́ wà nínú ọkọ̀. Bí eré bá ṣàdédé fò láti 12 sí 70, ibẹ̀ ni kí o ti gé e.


Alágbára Ọ̀nà

Mo ti ka ohun tí Bàbá àti awakọ̀ kọ. Mo gbà pé ọjọ́ ẹni tó dá wà kì í ṣe ọjọ́ ẹni tó wà láàárín ọ̀wọ́, n kò sì ní sọ fún ẹni tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ pé kó máa sá fún ọkọ̀. Lórí kìlómítà, n kò yí padà: kí a má ka èyí tí ẹsẹ̀ kò gùn. Ó sì yẹ kí a bi ọ̀wọ́ náà léèrè ìdí tí wọ́n fi fi ẹnìkan sílẹ̀ nínú irú ẹ̀fúùfù bẹ́ẹ̀.


Bàbá Ṣéènì

Ìyẹn gan-an ni ìbéèrè. Kí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn le máa pẹ́ díẹ̀ níwájú, kí àwọn tí kò le máa lo ìṣẹ́jú kan péré tàbí kí wọ́n má bọ́ síwájú rárá, kí eré ẹni tó lọ́ra jù sì jẹ́ eré gbogbo ọ̀wọ́. Bí ẹ̀fúùfù bá ń gba ẹ̀gbẹ́ wá, ẹ̀yìn gan-an kọ́ ni ibi ààbò wà. Ẹ̀gbẹ́ tí ẹ̀fúùfù kò ti wá ni, kí a sì to ara wa ní ìdàgẹ̀rẹ́ níwọ̀n bí ọ̀nà bá ṣe gbà wá láìdí àwọn ọkọ̀ lọ́wọ́.

Arìnjìnnà, bá mi wo imú ìjókòó kẹ̀kẹ́ rẹ. Bó bá ti tẹ̀ sílẹ̀, ìdí yóò máa yọ̀ síwájú, ọwọ́ ni yóò sì máa dá a dúró ní gbogbo ọjọ́.


Arìnjìnnà

Ẹ kú àdúrótì mi. Mo sinmi ní ọjọ́ ìsinmi náà, mo sì gun kẹ̀kẹ́ dé ibùdó lónìí. Bàbá, ó tẹ̀ sílẹ̀ lóòótọ́. Ìdè tó mú un ti dẹ̀, a sì ti gbé e dọ́gba, a fún un le. Mo ka ọ̀rọ̀ yín nípa ọ̀wọ́ sí wọn létí kí a tó jáde. Ẹni tó sọ̀rọ̀ níbi oúnjẹ alẹ́ kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n iwájú mi ló wà fún ìdajì ọ̀nà, ó sì ń bojú wẹ̀yìn.

Ohun tí mo kọ sí àwọn tó dá owó nìyí: "Ní ọjọ́ tó gùn jù, ẹ̀fúùfù kọjú sí wa láti òwúrọ̀. Mo gun nǹkan bí 100 kìlómítà nínú 140, ara mi kò sì gbé ìyókù, nítorí náà mo wọ ọkọ̀ ìrànwọ́ dé ibùdó. Iye tí mo gùn gan-an ló wà nínú àkọsílẹ̀ tí mo so mọ́ ìwé yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ṣèlérí lórí kìlómítà, òun ni kí ẹ fi ṣírò."

Ẹnìkan fèsì pé òun yóò san gbogbo 140 náà. Ẹlòmíràn san iye tí mo gùn, kò lé kan, kò sì dín kan. Ti ẹnì kejì yìí dùn mọ́ mi jù, nítorí pé ó gba ohun tí mo kọ gbọ́.


Akápò Ẹgbẹ́

O ṣeun. Kọ owó àwọn méjèèjì sí ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí o sì pe 40 ti ẹni àkọ́kọ́ ní ọrẹ àfikún, kí ìṣirò má bàa pa wá láyò nígbà tí a bá ń fi owó ránṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú.